ÌBÉÈRÈ TÍ WÒLÍÌ KÒ LÈ BÁ NI DÁHÙN

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwé ìrántí ní kí n kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni ìtàn bí ìjọ wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ìtàn náà jù mí lọ pọ̀, wọn yóò sì sọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe yan ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, èyíinì ni ọ̀rọ̀ ìbéèrè.

Àwa Aládùúrà, oníbéèrè ni wá. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. Bí ọmọ bá fẹ́ gbéyàwó, a ó béèrè. Bí a bá fẹ́ ra ilẹ̀, a ó béèrè. Bí ọ̀nà àjò bá ṣí, bí aya bá lóyún, bí a bá lálàá tí kò yé wa, ọ̀dọ̀ wòlíì la ó gbà lọ pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́, a ó kúnlẹ̀, a ó ní, "Baba, kí ni Olúwa wí nípa mi?" Èyí kò burú. Àwọn àgbà ló ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àìmọye wa ló wà láàyè lónìí nítorí pé ẹnì kan ríran, ó sọ ọ́, a sì gbààwẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n mo kíyè sí ohun kan. Ìbéèrè tí àwa ń gbé tọ Ọlọ́run lọ pọ̀ púpọ̀. Èyí tí Ọlọ́run ń bi wá, díẹ̀ ni à ń dáhùn. Tiwa dá lórí ọ̀la: ṣé yóò dára fún mi? Tirẹ̀ dá lórí òní: irú ènìyàn wo ni ọ́? Wòlíì lè bá wa gba ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìkejì yìí, kò sí aríran kan láyé tó lè bá wa dáhùn rẹ̀. Ẹni tí a bi ni yóò dáhùn.

ỌLỌ́RUN TÓ Ń BÉÈRÈ

Ẹ yẹ Ìwé Mímọ́ wò. Nígbà tí Ádámù jẹ èso tán tó sá pamọ́ sáàárín igi ọgbà, Ọlọ́run béèrè ibi tó wà. Ṣé Ọlọ́run kò mọ ibi tó wà ni? Ó mọ̀. Ádámù ni ìbéèrè náà wà fún, kí òun fúnra rẹ̀ lè mọ ibi tó bá ara rẹ̀ dé.

Nígbà tí Hágárì sá kúrò lọ́dọ̀ ìyá tó ń sìn, áńgẹ́lì bá a lẹ́bàá ìsun omi nínú aginjù, ó bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ẹ kíyè sí i dáadáa: apá kan ṣoṣo ló rí dáhùn. Ó sọ ẹni tó ń sá fún. Kò rí ibì kankan dárúkọ pé òun ń lọ. Mélòó nínú wa ló mọ ohun tí à ń sá fún, tí a kò mọ ibi tí à ń sá lọ!

Ti Jékọ́bù ló wọ̀ mí lára jù. Ní òru tó jìjàkadì títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́, ìbùkún ló ń tọrọ. Kí ìbùkún tó dé, a bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè ọmọdé nìyẹn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì ti fìgbà kan bi í pé ta ni ọ́, ó sì dáhùn pé Ísọ̀ ni òun. Irọ́ yẹn ló fi gba ìbùkún ìgbà náà. Ó lọ lo 20 ọdún lọ́dọ̀ Lábánì, ó ní aya, ó ní ọmọ, ó ní agbo ẹran. Ìbéèrè kan náà padà wá bá a lẹ́bàá odò, lóru, níbi tí kò sí awọ ewúrẹ́ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní Jékọ́bù ni òun. Ẹ̀yìn ìgbà tó dárúkọ ara rẹ̀ bó ṣe jẹ́ gan-an ni a tó yí orúkọ rẹ̀ padà.

Ohun tí mo rí dì mú nínú ìtàn yìí nìyí: Ọlọ́run kì í yí orúkọ tí ènìyàn kò bá tíì dá mọ̀ padà.

ÌBÉÈRÈ TÍ MÀMÁ ÌJỌ BI MÍ

N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí kan ẹlòmíràn kí n má fi kan ara mi. Bí iná bá ń jó ni, tó ń jó ọmọ ẹni, ti ara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n.

Ní 1978, akọ̀wé sítọ́ọ̀ ni mo jẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan ní Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ gbé sìmẹ́ńtì dé. Mo kà á, àpò 170 ni. Ìwé tí ọ̀gá mi gbé síwájú mi ní 200 ni. Ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ìwé, mo fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí sẹ́yìn sítọ́ọ̀, ó ki náírà 40 bọ̀ mí lọ́wọ́. Owó náà ju ààbọ̀ owó oṣù mi lọ. Àjọ̀dún ìjọ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo fi lára rẹ̀ ra aṣọ funfun tó dára jù tí mo rí lọ́jà, télọ̀ sì fi rán sùtánà tuntun fún mi.

Kò pẹ́ ni àwọn ọ́díítọ̀ dé. Wọ́n ṣírò èyí tó wọlé, wọ́n ṣírò èyí tó jáde, wọ́n ka èyí tó kù nílẹ̀: àpò 30 kò sí. Ta ni wọn yóò mú? Baba ọlọ́dẹ tó ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ni. Wọ́n ní òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún olè lóru. Baba búra, baba sunkún, baba fọwọ́ kan ilẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, ìwé tí mo fọwọ́ sí wà lábẹ́ apá mi, n kò sì lanu. Wọ́n lé baba lọ láìsan owó oṣù rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wọ ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Kí ni mo ń béèrè lọ́wọ́ Olúwa? Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọn yóò gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́! Wòlíì gbàdúrà, ó ríran, ó ní òun rí àga kan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. N kò ní purọ́, mo rí àga náà gbà ní ọdún tó tẹ̀lé e.

Alẹ́ ìṣọ́ òru àjọ̀dún dé, mo wọ sùtánà tuntun. Màmá ìjọ wa kan wà nígbà náà, àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, tó ń ta iyọ̀ àti ata gbígbẹ. Ó rí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bá mi tún ọrùn aṣọ ṣe, ó fọwọ́ pa á, ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ yìí mà funfun o! Èló lo rà á?"

Kò mọ nǹkan kan. Ìbéèrè tí ìyá ń bi ọmọ lójoojúmọ́ ni. Mo mọ iye tí mo fún aláṣọ, mo mọ iye tí télọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Ojú baba ọlọ́dẹ ni mo rí. Mo ní, "Màmá, wọ́n bá mi rà á ni." Ìdáhùn mi nìyẹn. Mo tún gbé irọ́ kan lé irọ́ àpò 30.

Mo wọlé, mo jó, mo bá ìjọ pe Halelúyà méje. Wòlíì mẹ́ta ló ríran lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ọ̀kan tó ríran sí mi. Inú mi dùn pé mo bọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ìran tèmi ti jáde kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, láti ẹnu ìyá aláta tí kò mọ̀ pé òun ríran.

ÌBÉÈRÈ TÓ BÍ ÀWA ALÁDÙÚRÀ

Ẹ jẹ́ ká rántí pé irú ìbéèrè yìí, ìbéèrè iye tí nǹkan jẹ́, ló bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjọ wa. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lùkúlùkú ń pa ènìyàn káàkiri ayé, àwọn díẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà Saint Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ gbàdúrà. Joseph Ṣadárè, alágbẹ̀dẹ wúrà, wà níbẹ̀. Sophia Ọdúnlámì tó jẹ́ olùkọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n gbà pé àdúrà ni ìwòsàn àwọn, nígbà tó yá wọn kò sì fara mọ́ ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ mọ́. Àwọn aláṣẹ ìjọ bi wọ́n léèrè: èwo ni ẹ ó mú, ipò yín ni àbí ohun tí ẹ sọ pé ẹ gbà gbọ́? Ní 1922, wọ́n jáde. Ṣadárè fi ipò rẹ̀ nínú Sínódù sílẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn mìíràn.

Kì í ṣe gbogbo wa tó ń ka ìwé yìí ló gba ẹ̀kọ́ wọn lórí oògùn tàbí lórí ìrìbọmi, n kò sì fẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé a bi wọ́n ní iye tí ìgbàgbọ́ wọn jẹ́, wọ́n dárúkọ iye náà, wọ́n sì san án láti àpò ara wọn.

Ẹ tún wo Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ní 1928, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà ni, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ dúró, kò lọ mọ́, ó sì gbọ́ ohùn tó ń pè é. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba láyé ìgbà yẹn kì í ṣe ohun àmúṣeré o! Àwa tí à ń sọ ìtàn náà lónìí ti mọ̀ pé èrò yóò wọ́ lọ sí Òkè-Oyè ní Iléṣà ní 1930. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ń fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kò tíì sí èrò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun àti ìbéèrè ni wọ́n jọ wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN FÚN OLÚKÚLÙKÙ WA

Láti ìgbà yẹn, mo ti kó àwọn ìbéèrè kan jọ tí mò ń bi ara mi bí àjọ̀dún bá ti ń súnmọ́. Mo kó wọn síwájú yín bí ẹ̀bùn àjọ̀dún.

Ìkíní: Èló ni mo rà á? Ilé tí mò ń gbé, ipò tí mo wà, àlàáfíà tí mò ń jẹ, ta ló san nínú owó rẹ̀ yàtọ̀ sí èmi? Ìyá ọlọ́jà tó tẹ ìdí kóńgò wọlé kó tó wọn gàrí, oníbàárà rẹ̀ ń san lára ìdámẹ́wàá tó ń mú wá sílé Ọlọ́run láìmọ̀. Ọ̀gá tó jẹ owó ọmọ iṣẹ́ tó wá ń fi ọkọ̀ tuntun ṣe ìdúpẹ́, ọmọ iṣẹ́ yẹn ló yẹ kó jó síwájú pẹpẹ.

Ìkejì: Ta ni mo jẹ́ bí a bá bọ́ sùtánà yìí? Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Bí o bá fẹ́ mọ ìdáhùn, má bi àwọn tó ń pè ọ́ ní Àgbà Aposteli tàbí Ìyá Ìjọ. Bi ìyàwó rẹ. Bi ọkọ rẹ. Bi ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọ àwo nílé rẹ. Bí wọn kò bá lè sọ̀rọ̀ nítorí ìbẹ̀rù, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

Ìkẹta: Ṣé mo fẹ́ ohun tí mò ń tọrọ ní tòótọ́? Ọkùnrin tó wà lẹ́bàá adágún Bẹtẹ́sídà ti ṣàìsàn fún ọdún 38. Jésù bi í bóyá ó fẹ́ kí ara rẹ̀ dá. A ó rò pé yóò ní, "Mo fẹ́ o!" Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹjọ́ àwọn tí kò ràn án lọ́wọ́. Tọkọtaya wà tó ń gbààwẹ̀ fún àlàáfíà ilé, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù wọn ń wá ọ̀nà tí òun yóò fi jàre. Ìjàre ni wọ́n ń tọrọ, wọ́n sọ ọ́ ní àlàáfíà.

Ìkẹrin: Kí ni n kò ní tà? Ẹ̀yin òbí, ẹ máa ń kó bírò àwọn ọmọ wá kí a gbàdúrà sí i nígbà ìdánwò. Ó dára. Ṣùgbọ́n òbí mìíràn wà tó jẹ́ pé bó ti ń kúrò níbẹ̀, ilé ẹni tó ń ta ìbéèrè ìdánwò ló ń gbà lọ. Ẹ̀kọ́ wo ni ọmọ yẹn kọ́ lára àdúrà wa? Ẹni tí kò bá ti pinnu ohun tí kò ní tà kí oníbàárà tó dé, oníbàárà ni yóò bá a pinnu rẹ̀. Ìdí tí mo fi fọwọ́ sí ìwé ní 1978 nìyẹn. N kò jẹ́ olè, ṣùgbọ́n n kò tíì bi ara mi ní ìbéèrè kankan rí, ọjọ́ tí ọ̀gá bi mí ni mo kọ́kọ́ dáhùn.

Ìkarùn-ún: Ta ni mo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀? Gbèsè owó hàn, gbèsè ọ̀rọ̀ kò hàn. Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu wa ì bá yí ayé wọn padà, a kò sì sọ ọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ mí mọ́, kí ni mo tún ń padà sẹ́yìn lọ wá?" Èmi náà fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ara mi nínú fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sákéù. Jésù wọ ilé rẹ̀, kò sọ̀rọ̀ owó rárá. Sákéù fúnra rẹ̀ ló dìde dúró, ó ní òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ. Ìdáríjì kò pa ìbéèrè náà lẹ́nu mọ́. Ìdáríjì ló fún un ní agbára láti dáhùn.

Ẹ má fi ìbéèrè wọ̀nyí na ara yín bí ẹgba. Àwọn mìíràn nínú yín yóò dáhùn, wọ́n á sì rí i pé àwọn ti rìn dáadáa. Kí wọ́n dúpẹ́. Mú ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Kọ ìdáhùn rẹ sínú ìwé tí ẹlòmíràn kò ní kà. Má dáhùn fún aládùúgbò rẹ. Bí ìdáhùn bá sì ti dé, ṣe nǹkan kan sí i kí àjọ̀dún mìíràn tó dé, torí pé ìdáhùn tí a kò bá ṣe nǹkan sí, ńṣe ló ń le sí i.

ÌBÉÈRÈ TÍ MO ṢÌ Ń GBÉ KIRI

Ọdún 18 ni mo fi pẹ́ kí n tó ṣe tèmi. Màmá ìjọ ti sùn nínú Olúwa. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé. Ní 1996, mo wádìí títí mo fi rí baba ọlọ́dẹ ní abúlé kan lọ́nà Ọ̀yọ́. Ó jókòó síta, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti àpò 170 dé orí sùtánà. Mo gbé owó sílẹ̀, owó oṣù tí wọn kò san fún un, mo ti ṣírò rẹ̀ sí iye owó ìgbà náà, mo sì fi kún un.

Baba dákẹ́ pẹ́. Ó wá sọ fún mi, láìgbé ohùn sókè, pé ọdún tí wọ́n lé òun ni àkọ́bí òun kúrò ní ilé-ìwé, kò sì padà mọ́. Ó mú owó, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Ṣé torí tèmi lo ṣe wá, àbí torí tìẹ?"

N kò rí i dá lóhùn. Baba kò sọ pé òun dárí jì mí, kò sì sọ pé òun kò dárí jì mí. Ó pe ọmọ kan nínú ilé, ó ní kó bu omi fún mi. Mo mu ún, mo sì gbọ̀nà ilé.

Ẹ̀yin ará, n kò tíì ní ìdáhùn sí ìbéèrè baba títí di òní. Bí mo bá ti mú sùtánà láti wọ̀ ọ́ fún àjọ̀dún, mo máa ń bi ara mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ọdún mìíràn mo máa ń rò pé torí tirẹ̀ ni. Ní ọdún mìíràn mo máa ń mọ̀ pé torí kí n lè máa sùn lóru ni. Ṣùgbọ́n ohun kan dá mi lójú: ọmọ tirẹ̀ ni kò kàwé, èmi kọ́ ló sì yẹ kí ìrìn àjò yẹn tù lára jù. Látìgbà náà, bí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá wá bá mi pé wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ sí ìwé kan, mo máa ń kà á tán kí n tó mú bírò.

Lónìí tí aṣọ wa funfun, tí ìlù ń dún, tí àlejò kún inú ilé, bí ẹnì kan bá fọwọ́ pa aṣọ rẹ, tó ní ó mà dára o, èló lo rà á, má yára dáhùn. Ó lè jẹ́ pé Olúwa ni.

Kí Ọlọ́run Ẹlẹ́dàá fún wa ní ẹnu tí kò ní purọ́ fún ara rẹ̀, kó fún wa ní ẹsẹ̀ tí yóò tètè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kí á lọ bá, kó sì pa wá mọ́ di àjọ̀dún mìíràn. Ẹ kú ọdún o. Ọdún á yabo. Halelúyà!